Epo Mọ́tò Láti Inú Ìrèké

Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ògógóró rí ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ kà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n á da ẹmu tí ó ti kan sínú àgbá, wọ́n á sì dáná sí i nídìí. Bí ó bá ń hó, oru rẹ̀ á gba inú páìpù jáde. Páìpù yẹn gba inú omi tútù kọjá. Nígbà tí oru bá kan òtútù, á tún di omi, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ohun tí ń kán yìí kì í ṣe ẹmu mọ́. Ó mọ́ gaara, ó ń ta lẹ́nu, bí ẹ bá sì ṣáná sí i, á gbiná.

Ibi gbígbiná yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ó bá lè gbiná bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ bí bẹntiróò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ẹ́tánọ́ọ̀lù. Orúkọ náà gùn lẹ́nu díẹ̀, nítorí náà ọtí mọ́tò ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Kín ni a fi ń ṣe é? Ṣúgà ni. Níbi tí ṣúgà bá wà nínú omi, tí ìwúkàrà sì dé ibẹ̀, ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di ọtí. Ṣúgà wà nínú ẹmu láti orí ọ̀pẹ wá. Ó wà nínú ìrèké. Nínú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, sítáàṣì ni ó pọ̀, a sì ní láti kọ́kọ́ sọ sítáàṣì yìí di ṣúgà. Ìyá tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń jẹ́ kí àgbàdo rẹ̀ hù ná kí ó tó lọ̀ ọ́. Kò ka ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni ó ń ṣe.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí bu ògógóró sínú ọ̀kadà yín o! Omi ṣì pọ̀ nínú ògógóró. Ọtí tí a ó dà pọ̀ mọ́ bẹntiróò gbọ́dọ̀ gbẹ, kí a sì yọ omi inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Ìkejì rẹ̀ kan tún wà tí ó jọ ọ́ lójú, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Májèlé ni ìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí pé mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ẹni tí ó bá rí ọtí ilé iṣẹ́ nínú kégì tí kò mọ ibi tí ó ti wá, kí ó má fẹnu kàn án.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ilẹ̀ ibi tí ìjọba ti sọ ọtí yìí di epo gbogbo ìlú.

Bràsíìlì ni ilẹ̀ náà. A kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní ayé òwò ẹrú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì, púpọ̀ nínú wọn sì ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Ọdún 1888 ni ìjọba ibẹ̀ tó fòpin sí oko ẹrú. Àwọn tí ó padà wá sí Èkó ni a ń pè ní Àgùdà, adúgbò wọn sì wà ní Erékùṣù Èkó títí di òní. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrèké Bràsíìlì, òógùn àwọn baba ńlá wa wà nínú rẹ̀.

Bràsíìlì ní ìrèké lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò tí à ń sọ yìí epo rọ̀bì rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú àgbá epo 10 tí wọ́n ń lò, bí 8 ni wọ́n ń rà láti òkè òkun. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè láyé. Láàárín oṣù díẹ̀ ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ayọ̀ ni, nítorí pé à ń tà á. Ìgbà yẹn ni owó Údójí dé, ẹ̀yin àgbà á rántí. Ní Bràsíìlì, ẹkún ni. Ohun tí ó tún wá bọ́ sí i ni pé owó ṣúgà, tí ó ti ga gan-an ní ọdún 1974, já wálẹ̀ ní ọdún 1975. Àwọn olóko ìrèké kò rí ibi tí wọn yóò gbé ìrèké wọn gbà.

Ìṣòro méjì pàdé, ìjọba sì so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Ernesto Geisel fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Proálcool. Wọ́n ní kí a máa da ọtí ìrèké pọ̀ mọ́ bẹntiróò ní gbogbo ilẹ̀ Bràsíìlì. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí níbẹ̀: láti ọdún 1931 ni òfin ti ní kí wọ́n da ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ bẹntiróò tí ó bá ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1975 yìí ni wọ́n fi owó àti agbára tì lẹ́yìn. Àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ọtí rí owó yá ní èlé kékeré. Petrobras, ilé iṣẹ́ epo ti ìjọba, ni a ní kí ó máa ra ọtí náà kí ó sì máa pín in káàkiri. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iye tí wọn yóò tà á.

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta yìí dáadáa: ẹni tí yóò ṣe é rí owó yá, ẹni tí yóò rà á ti wà nílẹ̀, òfin sì wà pé kí a lò ó. Ètò tí ó bá ṣe aláìní ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró. Ẹ óò rí i nígbà tí a bá padà délé.

Ní ọdún 1979 owó epo rọ̀bì tún fò. Ní ọdún yẹn kan náà ni Fiat gbé mọ́tò kan jáde ní Bràsíìlì, Fiat 147, tí kì í lo bẹntiróò rárá. Ọtí nìkan ni ó ń mu. Ìjọba jẹ́ kí ọtí rọjú ju bẹntiróò lọ ní ilé epo, àwọn ènìyàn sì ń ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wìtìwìtì. Nígbà tí ó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, nínú mọ́tò tuntun 10 tí a bá tà ní Bràsíìlì, ó ju 9 lọ tí ó jẹ́ ọlọ́tí.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Ní ọdún 1986 owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láyé. Owó tí ìjọba ń ná kí ọtí lè rọjú wá di ẹrù wúwo. Owó ṣúgà ní tirẹ̀ gòkè. Kí ni olóko ìrèké yóò ṣe? Ìrèké kan náà ni a fi ń ṣe ṣúgà, òun náà ni a fi ń ṣe ọtí. Ibi tí owó bá wà ni ó kọjú sí. Ó fi ìrèké rẹ̀ ṣe ṣúgà, ó tà á fún òkè òkun. Ní ọdún 1989 ọtí kò tó mọ́ ní ilé epo. Àwọn tí ìjọba ti rọ̀ pé kí wọ́n ra mọ́tò ọlọ́tí tò sórí ìlà bí a ti máa ń tò nígbà tí bẹntiróò bá wọ́n ní ìlú wa. Ẹ ro ti awakọ̀ takisí kan níbẹ̀: owó tí ó yá ni ó fi ra mọ́tò, gbèsè kò tí ì tán, mọ́tò kò sì lè mu nǹkan mìíràn. Bràsíìlì tí ó ní oko ìrèké tó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọtí láti òkè òkun.

Èmi kò dá olóko ìrèké lẹ́bi. Oníṣòwò ni. Ìjọba ni ó ṣèlérí fún onímọ́tò, tí kò sì ṣe àdéhùn tí ó le pẹ̀lú ẹni tí yóò mú ìlérí náà ṣẹ. Ẹni tí iná bá ti jó lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹni tí yóò ra mọ́tò ọlọ́tí tuntun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ ní Bràsíìlì.

Ohun tí ó gba ètò náà là kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ọwọ́ àwọn ẹnjiníà ni ó ti wá. Ní ọdún 2003, Volkswagen gbé mọ́tò Gol kan jáde tí ó lè mu ọtí, tí ó lè mu bẹntiróò, tí ó sì lè mu méjèèjì pọ̀ bí ó ti wù kí a dà wọ́n pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń mọ ohun tí ó wà nínú táǹkì, òun ni ó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe láti bá a mu. Láti ìgbà náà, awakọ̀ ni ọ̀gá. Bí ọtí bá wọ́n, á ra bẹntiróò. Bí bẹntiróò bá wọ́n, á ra ọtí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìlérí mú un mọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ìṣirò tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Lítà ọtí kan kò lè gbé mọ́tò dé ibi tí lítà bẹntiróò kan lè gbé e dé. Ibi tí bẹntiróò bá ti rin máìlì 10, bí máìlì 7 ni ọtí yóò rìn. Nítorí náà, bí bẹntiróò bá jẹ́ 1,000 náírà, ọtí gbọ́dọ̀ jẹ́ 700 náírà tàbí kí ó kéré sí i kí èrè tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tà á ní 800 ńkọ́? Ẹ fi ìwé àti pẹ́ńsù yín ṣe é wò. Awakọ̀ Bràsíìlì ń ṣe irú ìṣirò yìí ní orí gbogbo ìgbà tí ó bá yà sí ilé epo.

Lónìí, kò sí bẹntiróò tí ọtí kò sí nínú rẹ̀ ní ilé epo Bràsíìlì. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti ọdún 2015, ìjọba sì gbé e dé ìdá 30 ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn tí ń gé ìrèké, nítorí àwọn ni ìwé ìròyìn kì í sábà sọ̀rọ̀ wọn. Kí a tó gé ìrèké, wọ́n máa ń fi iná sun oko kí ewé lè jó, kí ejò sì sá. Èéfín rẹ̀ a máa bo ìlú. Iye tọ́ọ̀nù tí ènìyàn bá gé ni a fi ń san owó fún un, kì í ṣe iye wákàtí tí ó lò nínú oòrùn. Ní ọdún 1984, àwọn agékè ìrèké ní ìlú Guariba ní Ìpínlẹ̀ São Paulo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyà yìí. Ní ọdún 2002, ìpínlẹ̀ yẹn ṣe òfin pé kí a máa dín sísun oko kù títí yóò fi tán. Ìlú bọ́ lọ́wọ́ èéfín. Ṣùgbọ́n ìrèké tí a kò bá sun, ẹ̀rọ ni ó ń gé e dáadáa, ẹ̀rọ kan sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Bí èéfín ti ń lọ ni iṣẹ́ àwọn agékè ń lọ.

Ìjọba tún gbìyànjú láti ran àwọn àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2004, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò epo dísù láti inú irúgbìn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí ó bá ra irúgbìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré, a ó dín owó orí rẹ̀ kù. Lárà ni wọ́n rò pé àwọn àgbẹ̀ apá ìlà-oòrùn àríwá, tí ilẹ̀ wọn gbẹ, yóò fi là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo lárà ki jù fún ẹ́ńjìnì, àwọn tí ń ṣe oògùn àti ọ̀dà sì ń fi owó tí ó pọ̀ ju ti epo mọ́tò lọ rà á. Sóyà àwọn olóko ńlá ni ó gba ipò náà.

Kín ni gbogbo èyí kan ojú ọjọ́? Ẹ̀yin náà ti rí i pé òjò kò rọ̀ ní àkókò rẹ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Bí a bá sun bẹntiróò, afẹ́fẹ́ kan ń jáde tí ó ń bo ayé bí aṣọ òtútù, tí kì í jẹ́ kí ooru jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ti wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fún àìmọye ọdún, àwa ni a wà á jáde. Bí a bá sun ọtí ìrèké, afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń jáde, ṣùgbọ́n ìrèké ti fà á láti ojú ọ̀run nígbà tí ó ń dàgbà, èyí tí a ó gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ yóò sì tún fà á padà. Ó dà bí owó èèsú tí ń lọ tí ń bọ̀. Ìrèké tún ní àǹfààní kan: ìyókù rẹ̀ tí a ti fún tán ni ilé iṣẹ́ ń sun láti fi se ọtí, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣe iná mànàmáná.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gé igbó kìjikìji lulẹ̀ kí ó tó gbin irúgbìn epo, ìṣirò náà ti bàjẹ́. Igi wọ̀nyẹn ti kó afẹ́fẹ́ yẹn pamọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní ọdún 2009 ìjọba Bràsíìlì ṣe òfin pé kí a má fẹ oko ìrèké wọ igbó Amazon. Ní ọdún 2019 ìjọba mìíràn fagi lé òfin náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé.

Ní ọdún 2007 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróò wa jẹ́ ọtí. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n ní kí a máa fi ṣe é. A ó kọ́kọ́ rà á láti òkè òkun, ṣùgbọ́n tí ó bá fi máa di ọdún 2020, gbogbo èyí tí a bá ń lò yóò jẹ́ èyí tí a ṣe níhìn-ín. Wọ́n ní a kò ní gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tí ó bá dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àkókò kan. Ọdún 2020 dé, ó kọjá. Bẹntiróò tí ẹ ń rà kò ní ìdá 10 ọtí ẹ̀gẹ́ nínú.

Ohun tí ó fà á kò ṣòroó rí. Ní àkókò yẹn, ìjọba kan náà ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróò kí ó lè rọjú. Ta ni yóò fi ẹ̀gẹ́ tí ó wọ́n ṣe ọtí, kí ó wá bá epo olówó ìrànwọ́ dù ú? Owó ìrànwọ́ yẹn kò dúró títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fà á kúrò, tí bẹntiróò tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sì kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti tún ń sọ̀rọ̀ ọtí mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan lè mú bí 170 lítà ọtí wá. Ìyẹn kò ju kí a kún táǹkì mọ́tò kékeré ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ. Tọ́ọ̀nù kan náà, bí a bá fi yan gàrí, yóò tó bí kílò 200. Ilẹ̀ hẹ́kítà kan, tí í ṣe éékà méjì ààbọ̀, ń mú bí tọ́ọ̀nù ìrèké 70 jáde ní Bràsíìlì, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sì ń mú bí 80 lítà wá: 5,600 lítà. Ní Nàìjíríà, ẹ̀gẹ́ tí à ń rí lórí hẹ́kítà kan kò tó tọ́ọ̀nù 10. Kò lè tó 1,700 lítà. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu wa ni ó ń gba ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a da gàrí sínú táǹkì, kí ó kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀gẹ́ yóò ti pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tí a ní.

Ní tèmi, àgbẹ̀ tí ó ní ẹ̀gẹ́ lè jèrè bí ẹni méjì bá ń du ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ń ra gàrí ní kóńgò ni ọ̀rọ̀ náà yóò dùn. Ó sì lè jẹ́ ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ó ku ọ̀ràn ilẹ̀. Ní bí ọdún 2007 sí 2008, ariwo làpálàpá gba gbogbo Áfíríkà àti Íńdíà kan. Wọ́n ní epo inú èso rẹ̀ yóò wa mọ́tò, pé ó ń hù lórí ilẹ̀ tí kò dára. Àwa tí a ti ń fi làpálàpá ṣe ọgbà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé mọ̀ pé ó ń hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí igi hù ọ̀tọ̀, kí ó so dáadáa ọ̀tọ̀. Ní ilẹ̀ tí kò dára, kò so tó bí wọ́n ti wí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá pé òun fẹ́ ilẹ̀ yín fún irúgbìn epo, tàbí pé kí ẹ wá máa gbin ẹ̀gẹ́ fún òun, ẹ ní kí ó fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ẹ wá ibi tí ó ti sọ iye ọdún. Ẹ wá ibi tí ó ti sọ iye owó tọ́ọ̀nù kan, àti bóyá iye náà yóò gòkè bí ọjà bá gòkè. Ẹ wo ẹni tí yóò san owó ajílẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbólóhùn tí ó sọ ohun tí ilé iṣẹ́ yóò ṣe ní ọdún tí epo rọ̀bì bá rọjú, tí wọn kò fẹ́ ẹ̀gẹ́ yín mọ́. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i.